Férémù Ilẹ̀kùn Tí Bàbá Mi Kò Gbo

Baba Túngbo ni gbogbo akunlé ìlú yìí ń pe bàbá mi. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló fún un, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí wọ́n bá pè é wá wo igi tí wọ́n ti fi sáńpépà gbo kí wọ́n tó kùn ún. Á fi ẹ̀yìn ìka tọ́ ọ wò, á di ojú, á ní, "Tún un gbo." Bí wọ́n bá gbo ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀rọ̀ náà kì í yí padà. Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn, nígbà tó na ọwọ́ tó fẹ́ fi kan òun lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹ̀rù ba òun pé ó máa ní kí òun lọ tún ojú gbo.

Èmi ni àkọ́bí rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni mò ń wà. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀dà ju òórùn rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé bàbá mi lọ sí Ilé Ààrẹ lọ́sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ ló sì ṣojú mi kòrókòró. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn aláhesọ tó bu iyọ̀ sí i. Àwọn kan ti ń sọ káàkiri pé bàbá mi mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, pé ọgbọ́n àgbà ni. Ọgbọ́n àgbà kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tó kun férémù náà. Ìkánjú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìbẹ̀rù ló sì bá a dé òpin.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa ilé yẹn. Oníṣòwò pákó kan ló kọ́ ọ. Ó fẹ́ kí aráyé mọ̀ pé òun ní pákó, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀, àtẹ̀gùn, fèrèsé àti àjà ibẹ̀ fi jẹ́ kìkì igi. Kò gbé ibẹ̀ tó ọdún méjì tó fi tà á fún ìjọba. Ààrẹ Àkọ́kọ́ kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin wọ ibẹ̀, ó lo ọdún mẹ́sàn-án, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú àpótí méjì. Lẹ́yìn rẹ̀, Ààrẹ mẹ́fà mìíràn ló gbé ilé náà. Ìwé ìtàn á sọ fún yín nípa òfin tí wọ́n ṣe àti ìlérí tí wọn kò mú ṣẹ. Bàbá mi kò mọ ìyẹn. Àwọ̀ ló fi mọ̀ wọ́n.

Funfun ni Ààrẹ Àkọ́kọ́. Èkejì ní funfun ń dun òun lójú, ó ní kí wọ́n kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ wàrà. Ẹ̀kẹta, tó jẹ́ ológun, fẹ́ àwọ̀ ewé láti ilẹ̀ dé àjà, tó fi jẹ́ pé obìnrin kan nílé ìdáná ní ṣe ló ń ṣe òun bíi pé àwọn ń gbé inú ìgò. Ìyàwó Ẹ̀kẹrin ló yan àwọ̀ ojú ọ̀run. Ọkọ rẹ̀ kò dá sí i, kò kúkú dá sí ọ̀pọ̀ nǹkan. Ẹ̀karùn-ún lo oṣù mẹ́rin péré. Àwọ̀ ojú ọ̀run ló bá, òun náà ló fi sílẹ̀. Ẹ̀kẹfà ní àwọ̀ eérú ni kí wọ́n bá òun kùn, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé òun kì í ṣe aláfẹ́. Ẹ̀keje padà sí funfun, ó sì ń ṣe bí ẹni pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ronú kan funfun. Bàbá mi kì í bá wọn jiyàn. Kí rédíò tó kéde pé Ààrẹ kan ń lọ, wọ́n á ti ránṣẹ́ sí i pé kó gbé àkàbà rẹ̀ wá.

Ìwé kan wà nílé yẹn, fàkìàfakia báyìí, awọ ni wọ́n fi bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwé iṣẹ́ ni wọ́n ń pè é. Akunlé tó bá kun ilẹ̀kùn kan gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀: yàrá wo, ṣé ó gbo ó, ọ̀dà ẹ̀ẹ̀melòó, kó sì buwọ́ lù ú. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á ka ìwé yẹn kó tó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Bí ìwé bá sọ pé wọ́n gbo ó, wọ́n gbo ó nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń bèèrè ìbéèrè kejì.

Ọ̀rọ̀ gbígbo yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Ọ̀dà tó ń dán kì í di ọ̀dà mìíràn mú. Bí o kò bá fi sáńpépà pa dídán rẹ̀ kó o tó kun tuntun lé e, tuntun náà kàn jókòó sórí rẹ̀ ni. Á dára lójú. Á pẹ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fi èékánná kàn án létí, á ṣí kúrò lódindi bí èèpo ẹyin. Ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ tí akunlé kì í dárí rẹ̀ ji akunlé.

Bàbá mi kì í sì í dárí rẹ̀ jini lóòótọ́. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan wà tó ga gan-an, tí wọ́n ń pè ní Àkàbà, nítorí pé kì í sábà nílò rẹ̀. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, Àkàbà kun férémù fèrèsé kan láìgbo ó. Bàbá mi fi èékánná ṣí i, ọ̀dà tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní kí Àkàbà lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé, "Ẹni tó kun igi tí kò gbo, irọ́ ló pa fún igi. Igi kì í sì í gbàgbé." Ọ̀rọ̀ yẹn di òwe láàárín wọn. Wọ́n ń fi kìlọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ tuntun títí di òní.

Ó wá ku ohun kan tí kò yé ẹnikẹ́ni. Férémù kan wà lókè, ní yàrá kẹta lápá òsì ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ àwọ̀, á ní, "Èyí tèmi ni." Á ti ara rẹ̀ mọ́ ibẹ̀, á kùn ún jẹ́jẹ́, á jáde. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ní bóyá ó rí Ààrẹ Àkọ́kọ́ níbẹ̀ lójú àlá. Bí wọ́n bá bi ìyá mi, á ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ààrẹ tó wà lórí oyè báyìí ń gbé ilé tuntun lórí òkè. Wọ́n ní kí wọ́n tún ilé pákó yìí ṣe, kí aráàlú lè máa wá wò ó. Ayàwòrán-ilé kan ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ náà, obìnrin kúkúrú kan tí gíláàsì rẹ̀ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń pè é ní Onígíláàsì lẹ́yìn, ní màdáámù níwájú. Àkàbà ti di ọ̀gá akunlé níbẹ̀. Onígíláàsì ránṣẹ́ sí bàbá mi pé kó wá sọ àwọ̀ tí yàrá kọ̀ọ̀kan ti gbà, nítorí pé òun nìkan ló kù nínú àwọn àgbà. Ìsinmi ilé ìwé ni, bọ́ọ̀sì mi kò níbì kan tó ń lọ, mo bá gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé.

Inú rẹ̀ dùn lọ. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ jù lọ nínú àwọn tí ọ̀dà ti ta sí. Ó ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ó ń ka àwọ̀ bí ẹni ń ka orúkọ ẹbí, Onígíláàsì ń sáré kọ ọ́, Àkàbà ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú àwọn akunlé márùn-ún, orí gbogbo wọn ń wú. Nígbà tí a dé yàrá kẹta lápá òsì, bàbá mi dá kíka àwọ̀ náà dúró.

Onígíláàsì ní, "Baba, ilẹ̀kùn yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo ilé yìí."

Ó sọ ìdí rẹ̀. Àkọ́bí Ààrẹ Àkọ́kọ́, tó ti di ìyá àgbà báyìí, kọ lẹ́tà sí wọn. Ó ní ọdọọdún, tí ọjọ́ ìbí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, bàbá àwọn máa ń fẹ̀yìn wọn ti férémù yìí, á fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tí orí wọn dé, á kọ orúkọ àti ọjọ́ orí sí i. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan kú sínú ilé náà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ibà ni. Àpótí méjì tí wọ́n gbé jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sí àwòrán ọmọ náà kankan níbẹ̀, gbogbo èyí tó kù nínú ilé sì ti sọnù. Ìlà pẹ́ńsù yẹn nìkan ló kù tó fi hàn pé ó wáyé rí. Obìnrin náà ń bèèrè pé ṣé ó ṣì wà, kí òun wá fọwọ́ kàn án.

"Mo wo ìwé iṣẹ́," Onígíláàsì sọ. Ó ṣí i síbi tó ti fi bébà sí, ó sì kà á: "Yàrá kẹta lápá òsì, férémù. A gbo ó dáadáa. Ọ̀dà ẹ̀ẹ̀mejì." Ó wo bàbá mi. "Ẹ̀yin lẹ buwọ́ lù ú, Baba. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, iṣẹ́ yín lẹ ṣe bó ṣe yẹ. Mo ti kọ̀wé sí ìyá náà pé kò sí mọ́. Omi ti wọ igi yìí, ó ti wú, káfíńtà máa yọ ọ́ lọ́jọ́bọ̀, á fi tuntun sí i."

Àkàbà dá sí i láti ẹ̀yìn. Kò ní nǹkan kan nínú, ìyìn ló ń yìn ín. Ó ní, "Bí Baba bá lè sọ pé àwọn gbo ó, màdáámù, pẹ́ńsù wo ló máa là á já? Igi gan-an ń dúpẹ́ pé òun ṣì kù."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi yí padà sí ọ̀nà àtẹ̀gùn. Ó ní ó ti rẹ òun, ká máa lọ.

Nínú ọkọ̀, a dé oríta àkọ́kọ́, ó ní, "Yí i padà." Mo yí i padà. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu géètì, ó ní, "Má lọ mọ́, jẹ́ ká máa lọ sílé." Mo tún yí i padà. Mo bi í pé ṣé èmi ni mò ń wa ọkọ̀ àbí ọkọ̀ ló ń wà mí. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú, mo wá mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Nílé, ìyá mi gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́. Ìyá mi fa àga, ó jókòó sí iwájú rẹ̀, ó ní, "Ilẹ̀kùn yẹn ni, àbí?" Bàbá mi wò ó, ó wò mí, ó sì tú u sílẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ń retí Ààrẹ Kejì ni. Ọ̀gá rẹ̀ ìgbà náà ti pín iṣẹ́ fún wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ti gbo gbogbo férémù ibẹ̀, ó ti kùn wọ́n tán lánàá, ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò tíì fọwọ́ kan sáńpépà nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kígbe pè é láti ìsàlẹ̀ pé wọ́n ti gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn tó kúrò nílé, pé ara rẹ̀ kò yá, kí ó tètè máa bọ̀. Ó wo férémù náà. Ọ̀dà funfun àtijọ́ ni, ó ń dán bí àwo. Ó rí àwọn ìlà pẹ́ńsù wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ kan létí rẹ̀, ó rò pé àmì iṣẹ́ káfíńtà ni, kò dúró kà á. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kùn ún. Ó sáré kọ ọ́ sínú ìwé pé òun gbo ó, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni, ó buwọ́ lù ú, ó sì sáré já títì.

"Mo dé ọ̀hún," ó sọ, "wọ́n ti bí i."

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi. Ẹ wò ó, láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé èmi ni mo mú oríire wọlé. Àṣé èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́. Mo fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ojú bàbá mi kò gbà á.

Ó ní ó kù díẹ̀ kí òun padà lọ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n Ààrẹ Kejì ti wọlé. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù ló ń bà á pé akunlé kan máa fi sikirépà, irin tí wọ́n fi ń ha ọ̀dà, kan ibẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ ṣí, kí wọ́n wo ìwé, kí wọ́n rí orúkọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ di tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tún un kùn lẹ́yìn ìyẹn, kò sì gbo ó, kò ha á rí. Eruku ló kàn máa ń gbọ́n kúrò lára rẹ̀. Gbogbo "tún un gbo" tó ń sọ fún àwọn ẹlòmíràn, férémù yẹn ló ń bá wí. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń lé e bá. Tirẹ̀ ti ju ogún lọ, ó sì ti rò pé òtítọ́ ti sùn sójú ọ̀nà.

Mo ní, "Bàbá, ìròyìn ayọ̀ kọ́ nìyí? Bí ẹ ò bá gbo ó, ìlà yẹn á ṣì wà ńbẹ̀."

Ó mi orí. "Èyí tí mi ò rántí ni bóyá mo nù ún. Kí èèyàn tó gbo igi, á kọ́kọ́ fi àkísà olómi ọṣẹ nù ún. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára tó fi jẹ́ pé mo lè ti ṣe é láìmọ̀. Bí mo bá ti nù ún, pẹ́ńsù ti lọ. Màá lọ ba orúkọ ara mi jẹ́ níwájú àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́, wọ́n á ṣí i, wọn ò ní rí nǹkan kan, wọ́n á tún já obìnrin yẹn kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

"Àti níwájú Àkàbà," ìyá mi sọ.

"Àti níwájú Àkàbà."

Ìyá mi wá sọ ọ̀rọ̀ tó ya èmi gan-an lẹ́nu. Ó ní, "Mo ti mọ̀ pé o ò gbo nǹkan kan lọ́jọ́ náà."

Bàbá mi gbé ojú sókè.

"Ọjọ́ tí o bá gbo igi, irun rẹ àti ìpéǹpéjú rẹ máa ń funfun bí ẹni tó jáde látinú àpò ìyẹ̀fun. Ọjọ́ tí o wọlé wá wo ọmọ yìí, irun rẹ dúdú kirikiri. Mo wò ọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, mo ní, ọkùnrin yìí fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí mi."

"O mọ̀ látọjọ́ yẹn, o ò sọ?"

"O ò bi mí. Inú mi sì dùn. Kí ni kí n wá sọ sí i?" Ó gbé àwo oúnjẹ náà kúrò níwájú rẹ̀, nítorí ó ti tutù. "Àkísà tí o fi nu òógùn ojú mi lọ́jọ́ náà, gbígbẹ ni. Kò sí ọṣẹ níbẹ̀."

"Àkísà méjì ni mo máa ń ní."

"Ìyẹn ló ń mú kí ọ̀rọ̀ rẹ súni," ìyá mi sọ. "Lọ sọ fún wọn. Bí kò bá sí níbẹ̀, o ti sọ òtítọ́. Bí o bá jókòó síbí, wọ́n á fi ayùn gé ọmọ ọlọ́mọ dànù lọ́jọ́bọ̀, wàá sì máa gbọ́ ìró ayùn yẹn títí."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo tún gbé e lọ. Ó ní kí Onígíláàsì pe gbogbo àwọn akunlé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi sí abẹ́ apá, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró, láti orí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì dé orí irọ́ inú ìwé. Kò fi ìyàwó tó ń rọbí ṣe àwáwí. Ó kàn sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ojú ń ti èmi tí mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó parí rẹ̀ báyìí: "Mi ò gbo ó. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo kùn ún, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì."

Gbogbo ojú yí sí Àkàbà, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀. Àkàbà ń wo ilẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ méjì, Baba," ó sọ.

"Mo mọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ìyàwó mi rò pé mo jalè ni."

Bàbá mi ní, "Dárí jì mí." Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, kódà nígbà tó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Àkàbà gbé ojú sókè, mo sì rí i pé ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Kò lè mú un mọ́ra. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àkàbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú, àwọn tó kù bá bú sẹ́rìn-ín, Onígíláàsì nìkan ló ń bèèrè pé kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àkàbà nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Baba, láti ogún ọdún ni mo ti ń rò pé èmi nìkan ni. Ẹ fi fìlà yín dé orí, ẹ jọ̀ọ́."

Mi ò lè sọ bí ara ṣe tù mí tó. Ṣùgbọ́n ìdajì ni. Ìdajì tó kù wà lábẹ́ ọ̀dà.

Bàbá mi fẹ́ ṣí i lójú ẹsẹ̀. Onígíláàsì kò gbà. Ó ní ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ pé nǹkan kan wà ńbẹ̀, ì báà jẹ́ pé kò sí. Ó tẹ ìyá náà láago, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì dá káfíńtà dúró. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ìyá àgbà náà dé, òun àti ọ̀pá rẹ̀. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Àtẹ̀gùn ilé náà ti mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kò wo ilẹ̀ bó ṣe ń gùn ún. Ó kí gbogbo wa, ó sì dúró síwájú férémù náà bí ẹni tó wà níwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ ṣí fún un.

Bàbá mi sọ fún un pé, "Màmá, ó ṣeé ṣe kó má sí mọ́."

"Mo ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan pé kò sí," ó sọ. "Ẹ ṣí i."

Bàbá mi fi sikirépà bọ igun òkè. Mo gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí èèyàn ń ya aṣọ díẹ̀díẹ̀, gbogbo àwọ̀ Ààrẹ wọ̀nyẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, funfun, eérú, ojú ọ̀run, ewé, wàrà, wọ́n nípọn bí awọ bàtà. Lábẹ́ wọn ni funfun ìgbà àtijọ́ wà, ó sì ń dán síbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ tó ìbú ọwọ́ méjì. Kò sí nǹkan kan. Ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ìlà kan yọ. Ó ti ṣá, ṣùgbọ́n ìlà ni, nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èmi nìyẹn," ìyá àgbà náà sọ. "Ọdún kẹtàdínlógún. Mo wọ bàtà gíga, bàbá mi kò mọ̀."

A rẹ́rìn-ín, gbogbo wa. Ìlà mìíràn yọ, òmíràn tún yọ. Ó ń pè wọ́n lórúkọ bí wọ́n ṣe ń jáde, bàbá mi ń ṣí i lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé ìsàlẹ̀, níbi tí orí ọmọ ọdún mẹ́fà máa dé. Àbàwọ́n eérú fẹ́ẹ́rẹ́ kan nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyá àgbà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibẹ̀.

"Níbí ló yẹ kó wà," ó sọ. "Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló fa ìlà yẹn lọ́dún náà, ó tẹ̀ ẹ́ gan-an." Kò sunkún. Ó kàn ń wo ibẹ̀ ṣáá. Àkàbà yí ojú sí fèrèsé.

Bàbá mi ló tún dìde. Ó gbé ọ̀dà tó ṣí náà nílẹ̀, ó gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Àwọn ìlà tí wọ́n fà fẹ́ẹ́rẹ́ dúró sára igi. Èyí tí wọ́n tẹ̀ gan-an, tí pẹ́ńsù rẹ̀ pọ̀, ọ̀dà tútù ọjọ́ náà ló gbà á mọ́ra. Ó wà lẹ́yìn àwọ̀ wàrà, dúdú, ketekete, nọ́ńbà ẹ̀fà tó kọjú sí ibi tí kò yẹ, àti orúkọ ọmọdé tí a ní láti kà láti ẹ̀yìn.

"Òun rèé, Màmá," bàbá mi sọ. "Ara ọ̀dà ló wà."

Ó kúnlẹ̀, ó gbé e padà sí àyè rẹ̀ lára igi, ó sì bá àyè náà mu. Ìyá àgbà náà gbé ìka rẹ̀ lé orí ìlà náà. Ó pa ojú dé. Nígbà tó là á, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé ọmọ wo ni wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n kun ilẹ̀kùn yìí. Bàbá mi fi sikirépà tọ́ka sí mi. Ìyá àgbà náà fi ọ̀pá rẹ̀ rìn wá bá mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "O ṣeun tí o wá lọ́jọ́ yẹn."

Mo ní kò tọ́pẹ́.

Kí a tó lọ, bàbá mi ní kí wọ́n gbé ìwé iṣẹ́ wá. Ó wá ojú ewé náà, ó sì kọ̀wé sí abẹ́ ohun tó kọ lọ́dún mẹ́rìnlélógójì sẹ́yìn: "N kò gbo ó. Ìyàwó mi ń rọbí." Ó buwọ́ lù ú, ó kọ ọjọ́ sí i. Àkàbà na ọrùn láti òkè, ó kà á, ó ní, "Baba, ẹ ò kọ ẹ̀ẹ̀melòó." Bàbá mi gba bírò padà, ó fi kún un pé: "Ọ̀dà ẹ̀ẹ̀kan."

Ó fi ẹ̀yìn ìka tọ́ ojú ìwé náà wò, bó ṣe máa ń ṣe sí igi. Gbogbo wa dúró, à ń retí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó pa ìwé náà dé, ó ní ebi ń pa òun.